Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Skirting Pálọ̀ Kan ní Sùúrùlérè

Pálọ̀ náà wà ní ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan: mítà 5.4 ní gígùn, mítà 4.2 ní ìbú, ilẹ̀kùn méjì. Táìsì tí wọ́n gé ni skirting, ìyẹn ohun tí wọ́n ń lẹ̀ yí ẹsẹ̀ ògiri ká, tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó yọ síta, eruku ń jókòó sórí rẹ̀, sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi dí etí rẹ̀ sì ti dúdú. Onílé fẹ́ èyí tó ga, tó funfun, tó ní ìlà lára, irú èyí tó gbòde báyìí.

Àṣà ẹsẹ̀ ògiri ti yí padà gan-an láàárín wa. Nínú àwọn ilé àtijọ́, terrazzo tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀ náà ni wọ́n tẹ̀ gun ògiri, tí kò sí ojú ìsopọ̀ kankan tí omi lè gbà wọlé. Títí di òní, mi ò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ fún ilé tí wọ́n ń bu omi fọ̀. Rọ́ọ̀gì dé, wọ́n kàn ń fa ọ̀dà olóròóró yí ẹsẹ̀ ògiri ká. Táìsì tẹ̀lé e. Ní báyìí, àwọn kan fẹ́ èyí tó ga tó funfun, àwọn kan ń kùn ún ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ògiri, àwọn mìíràn sì fẹ́ èyí tó wọnú ògiri tí kò yọ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn gbọ́dọ̀ tètè sọ ọ́, nítorí férémù alúmíníọ̀mù kan wà tí bíríkìlà gbọ́dọ̀ rẹ́ sìmẹ́ǹtì dé. Bí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri tán, àfi kí wọ́n fọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe ń nu ilẹ̀ ilé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, ká tó sọ̀rọ̀ àwòrán tí àwọn onílé ń fi hàn wá nínú fóònù. MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, rọrùn láti gé, ó sì ń gba ọ̀dà dáadáa, ṣùgbọ́n bí omi bá ń kàn án lẹ́sẹ̀, yóò wú, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Pákó gidi, ikán ń dúró dè é. Polystyrene líle, irú ike kan, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 12 ni mo lò: kì í mu omi, kì í sì í ṣe oúnjẹ ikán.

Yíká yàrá náà jẹ́ mítà 19.2. Mo yọ ilẹ̀kùn méjì kúrò, sẹ̀ǹtímítà 90 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku 17.4. Ọ̀pá skirting kan gùn ní mítà 2.4. Mẹ́jọ ì bá tó lórí ìwé, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án ni mo rà, nítorí igun ń jẹ ọ̀pá. Ní ti gọ́ọ̀mù tí mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, túùbù mílílítà 300 kan máa ń fa ìlà tó nípọn tó mìlímítà 6 dé nǹkan bíi mítà 10. Ìlà méjì ló ń lọ sẹ́yìn ọ̀pá, nítorí náà túùbù mẹ́rin ni.

Láti yọ táìsì àtijọ́, mo kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ la etí òkè rẹ̀ kí ọ̀dà ògiri má baà bá a ya. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo tẹ́ síísù irin (chisel) fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ara ògiri, mo ń fi òòlù gbá a díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, sìmẹ́ǹtì á já níbi púpọ̀. Ihò tó bá jìn, ẹ má fi ohun tí wọ́n fi ń screed, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń dán ojú ògiri kí wọ́n tó kùn ún, dí i, á sán. Sìmẹ́ǹtì ọ̀kan sí yanrìn mẹ́rin ni, kí ẹ sì bu omi sí ojú ibẹ̀ ná.

Lẹ́yìn tó gbẹ, mo lẹ ọ̀rá tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí 50 mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, mo fi tépù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sáàárín ọ̀rá àti ògiri, inú ògiri ni ọ̀rinrin náà ti ń bọ̀. Kí ẹ dá iṣẹ́ dúró, torí gọ́ọ̀mù kò ní mú, ọ̀dà òkè skirting á sì máa ṣí. Èyí gbẹ. Mo wá gbé ọ̀pá títọ́ kan tó gùn ní mítà 2 lé ògiri, mo sì dí gbogbo ibi tó wọnú ju mìlímítà 3 lọ, nítorí pé funfun máa ń tú àṣírí ògiri tó wọ́.

Igun inú ló ń da ọ̀pọ̀ káfíńtà láàmú. Bí ẹ bá gé ọ̀pá méjèèjì ní ìwọ̀n dígírì 45, àlàfo á yọ, torí igun ilé wa kì í sábà pé 90. Mo jẹ́ kí ọ̀pá àkọ́kọ́ kan ògiri gbọnrangandan, mo sì fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé ẹnu èkejì ní àwòrán ojú ti àkọ́kọ́ kí ó lè gùn ún. Fún igun òde, mo gbé ègé ọ̀pá lé ògiri kọ̀ọ̀kan, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sílẹ̀. Láti ibi tí ìlà méjì náà ti pàdé dé orí igun ni ojú ibi tí a ó gé. Igun kan jẹ́ 92, mo gé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní 46.

Ògiri mítà 5.4, mi ò lo 2.4 méjì kí n wá fi ègé 0.6 parí rẹ̀. Mo pín in sí 1.5, 2.4, 1.5, mo sì gé ojú ìsopọ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀ kí ọ̀kan lè bo èkejì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo gọ́ọ̀mù yẹ́lò tí àwọn ṣúmékà ń lò. Ṣe ló ń yọ́ polystyrene. Tíńà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà olóròóró náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀dà olómi ni mo fi kùn ún, ẹ̀ẹ̀mejì. Mi ò kan ìṣó, torí ìṣó kọnkéré á fọ́ ara ògiri; tépù ni mo fi dì í mú di ọjọ́ kejì.

Àlàfo etí òkè, ohun ìdíhò tó ń gba ọ̀dà ni mo fi dí i. Silikóònù, irú ohun ìdíhò mìíràn tó dà bíi rọ́bà, kì í gba ọ̀dà, nítorí náà ìsàlẹ̀ nìkan ló wà fún, láàárín skirting àti táìsì ilẹ̀, kí omi má wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bu omi fọ ilẹ̀ náà fún wákàtí 24, kí silikóònù lè gbẹ.