Fífi omi aláwọ̀ ya inú ojú ọmọ tó ní kókó: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Àṣìṣe tó burú jù máa ń wáyé kí ẹnikẹ́ni tó mú abẹ́rẹ́ dání. Wọ́n ya ọmọ ní fọ́tò, ojú kan pupa, èkejì ń tàn funfun bí ojú ológbò lóru. Wọ́n á ní fóònù ni, tàbí kí wọ́n máa kán omi ọmú sí i lójú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ retinoblastoma, jẹjẹrẹ ojú tó sábà máa ń mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Kí dókítà ojú rí i lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kó sì yẹ ojú méjèèjì wò.

Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ lo fluorescein, ìyẹn omi aláwọ̀ tí wọ́n fi ń ya fọ́tò inú ojú, ẹ má rò pé oògùn tó ń pa kókó ni. Wọ́n á fà á sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ apá, á bá ẹ̀jẹ̀ dé ojú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, iná búlúù á mú un tàn, kámẹ́rà á sì máa yà á. Ó ń fi iṣan tó ń jò àti ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ hàn, àmọ́ kì í dá sọ orúkọ àìsàn. Àìsàn Coats, àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ojú tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, náà máa ń sọ ọmọlójú di funfun, iṣan tiẹ̀ náà sì ń jò. Ẹ má sì rọ dókítà pé kó fi abẹ́rẹ́ yọ díẹ̀ nínú kókó náà wò o. Jẹjẹrẹ lè gba ojú ihò yẹn jáde.

Oorun ni wọ́n máa ń kun ọmọ kékeré kó má baà mira. Níbi tí ìyá ti ń bọ̀ láti Iléṣà sí Ifẹ̀ láàárọ̀, ọmọ á ké nínú mọ́tò, ìyá àgbà á sì ní, "Fún un ní ògì díẹ̀, àbí ebi ni kó pa á?" Ògì yẹn lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró nígbà tó bá sùn. Aago tí wọ́n bá dá fún yín láti dá oúnjẹ ọmọ dúró ni kí ẹ tẹ̀ lé. Kí wọ́n wọn ọmọ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, torí ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n oògùn.

Lẹ́yìn náà, ara ọmọ á pọ́n díẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ á sì pọ́n fún nǹkan bí ọjọ́ kan. Kì í ṣe ibà pọ́njú, ẹ má se àgbo. Tí ara bá lé tàbí tí mímí bá nira ni kí ẹ sáré pe nọ́ọ̀sì.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni dídúró de fọ́tò omi aláwọ̀ yìí kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Tí kámẹ́rà rẹ̀ kò bá sí nítòsí, dókítà lè fi skáànù àti àyẹ̀wò lójú oorun bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.