Bí Ẹni Tó Ń Gbé Pẹ̀lú HIV Ṣe Lè Tọ́jú Ọkàn Rẹ̀

Ẹni tó bá ń lo oògùn HIV déédéé lóde òní lè gbó, kí ó sì tọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ewu pé àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ yóò kọlù ú tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò ní kòkòrò náà. Ìdí kan ni pé, bí àyẹ̀wò kò tilẹ̀ rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara kì í sinmi tán. Wọ́n ṣì ń jà lábẹ́lẹ̀, ìjà náà sì ń ba ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ títí ọ̀rá yóò fi rí ibi dì mọ́.

Oògùn HIV gan-an ni ohun àkọ́kọ́ tó ń dáàbò bo ọkàn yín, nítorí náà ẹ má ṣe dá a dúró. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní SMART, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006, fi hàn pé àrùn ọkàn ń kọlu àwọn tó ń fi oògùn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ju àwọn tó ń lò ó láìdáwọ́dúró lọ. Òótọ́ ni pé àwọn kan máa ń sanra lórí dolutegravir, èyí tó wà nínú oògùn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá rí i pé aṣọ ti ń fún yín, dókítà ni kí ẹ sọ fún.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí ẹ máa ṣọ́. Nígbàkígbà tí ẹ bá lọ gba oògùn, ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá rántí. Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀ bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì, kí ẹ sì gbé apá lé orí tábìlì kí ó ṣe déédéé àyà. Ara apá gan-an ni kí wọ́n ti de ẹ̀rọ náà, kì í ṣe orí apá aṣọ. Ẹ má sọ̀rọ̀ rárá. Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń bàjẹ́, nítorí nọ́ọ̀sì á ti máa béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, ẹ̀yin náà á sì máa dáhùn, nọ́ńbà á wá gòkè ju bó ti yẹ lọ. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì fi ìṣẹ́jú kan sí méjì sáàárín. Bí ó bá ń tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó sì nílò ìtọ́jú bí ara kò tilẹ̀ ro yín. Ẹ kọ nọ́ńbà náà àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé kan náà tí ẹ ń kọ iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ sí. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú nípa àyẹ̀wò ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, iyọ̀ ló ń fa wàhálà jù nínú ọbẹ̀ wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn kò kún ṣíbí ìmutíì kan. Ẹni tó bá sì ti fi magí sínú ọbẹ̀ kó tó bu iyọ̀ sí i ti bu iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ jáwọ́ nínú sìgá, nítorí láàárín àwọn tó ń lo oògùn HIV déédéé, sìgá ń gé ẹ̀mí kúrú ju HIV fúnra rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ti pé ọmọ 40 ọdún, ẹ bi dókítà bóyá statin, ìyẹn oríṣi oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, yẹ yín. Ìwádìí REPRIEVE, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ènìyàn 7,769 tó ní HIV ní orílẹ̀-èdè 12, tí Uganda, South Africa àti Brazil wà lára wọn, fi hàn ní ọdún 2023 pé pitavastatin, ọ̀kan lára àwọn statin, dín ìkọlù àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lọ ra statin fúnra yín. Simvastatin, tí òun náà jẹ́ statin, kò gbọdọ̀ bá ritonavir, tó wà lára àwọn oògùn HIV, pàdé nínú ara, nítorí ritonavir kò ní jẹ́ kí ó tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba iṣan ara àti kíndìnrín jẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ kí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru wọn mọ̀ pé àwọn ní HIV. Bí ẹnu yín kò bá lè sọ ọ́ lójú èrò, ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn yín, títí kan àgbo, sórí ìwé, kí ẹ sì nà án sí dókítà tàbí apòògùn.

Bí àyà bá ń fún yín bí ẹni pé wọ́n gbé ẹrù lé e, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù sì bò yín, ẹ má sọ pé ọ́sà ni, kí ẹ wá máa jẹ oògùn inú. Oògùn inú náà tilẹ̀ lè dí dolutegravir lọ́wọ́ bí ẹ bá lò wọ́n pọ̀. Bákan náà, bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò ṣeé gbé, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ forí lé lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kí ẹ dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Kí ẹni tó bá tẹ̀ lé yín mú ike oògùn yín dání, kí ó sì lè sọ aago tí ó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ìtọ́jú rọpárọsẹ̀ kan wà tí wọn kì í lè ṣe mọ́ bí wákàtí díẹ̀ bá ti kọjá.