Bí Onígbàgbọ́ Ṣe Lè Yẹ Ìdánilójú Ìgbàlà Rẹ̀ Wò

Ẹ má ṣe fi bí ọkàn yín ṣe rí lónìí bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó máa ń yí padà. Ẹ kọ́kọ́ ka 1 Jòhánù 5:13, níbi tí àpọ́sítélì náà ti sọ pé òun kọ̀wé kí àwọn tó gba orúkọ Ọmọ Ọlọ́run gbọ́ lè mọ̀ pé wọ́n ní ìyè àìnípẹ̀kun. Mímọ̀ ni ó wí, kì í ṣe àbá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé kan náà yẹ ìgbé ayé yín wò, bóyá ẹ fẹ́ràn àwọn ará, tí ẹ sì ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ yín. Ìjọ kò fohùn ṣọ̀kan lórí èyí o: ní 1547, Ìgbìmọ̀ Trent ti ìjọ Kátólíìkì kò gbà pé onígbàgbọ́ lè ní ìdánilójú tí kò lè ṣìnà. Bí iyèméjì bá dé, ìlérí Kristi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ara yín.