Ihò wọn bára mu, wáyà wọn kò bára mu: ìbéèrè lórí rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ọmọdé

Ní ọ̀sán Sátidé, mo máa ń jókòó ti àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Kubwa, a ó máa to rọ́bọ́ọ̀tì. Ìbéèrè àwọn òbí wọn kì í tán. Díẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra rọ́bọ́ọ̀tì àtòpọ̀ LEGO EV3 tòkunbọ̀ fún ọmọ mi ní Wuse. Àbúrò ìyàwó mi wá fi mọ́tò méjì ti SPIKE Prime, rọ́bọ́ọ̀tì LEGO míì, ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Orí wáyà wọn kò wọlé. Ṣé kí n gé e, kí n so ó pọ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ike wọn bára mu dáadáa: mìlímítà 8 ni láti ihò kan sí èkejì nínú méjèèjì, ẹ lè fi wọ́n kọ́ ilé kan náà. Wáyà ni ìjà wà. Orí wáyà ti EV3 jọ ti tẹlifóònù ilé ayé NITEL, àfi pé wọ́n sún ìkọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ti SPIKE pẹlẹbẹ. Bí ẹ tilẹ̀ so wọ́n pọ̀, wọn ò ní gbọ́ra yé. EV3 fúnra rẹ̀ ló ń ka ìyípo mọ́tò rẹ̀. Mọ́tò SPIKE ló ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ibi báyìí ni òun yí dé. Ẹ tà á, tàbí kí ẹ wá ọpọlọ SPIKE, àpótí tó ń darí mọ́tò rẹ̀, fún un. Mọ́tò NXT, rọ́bọ́ọ̀tì LEGO àtijọ́ ti 2006, ló máa bá EV3 yín ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ta á fún mi ní LEGO ti pa á tì, pé kò wúlò mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdajì òótọ́. Orúkọ Mindstorms tí wọ́n fi ń ta EV3, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ìparí 2022 ni LEGO dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n EV3 kò kú, torí Linux, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè ṣí, ló wà nínú rẹ̀, ó sì ní ojú ihò mẹ́mórì káàdì. Ẹ wá microSD tí kò ju GB 32 lọ, ẹ fi kọ̀ǹpútà kọ ev3dev, ètò ìṣiṣẹ́ míì fún EV3, sórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni; Debian, irú Linux kan, ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ ti káàdì náà bọ inú EV3, ẹ tan án, kí ẹ sì ní sùúrù: ìgbà àkọ́kọ́ máa ń pẹ́. Lẹ́yìn náà, Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni ọmọ yín á máa kọ. Bí kò bá wù yín mọ́, ẹ pa á, ẹ yọ káàdì, ẹ tún un tàn. Ti LEGO á padà wá bó ṣe wà.

(Ẹ gba fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fún àwọn aládùúgbò. Dátà wọ́n.)

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń béèrè iye kí n tó béèrè pé: bí ilé iṣẹ́ yìí bá lọ, ṣé a ṣì lè ṣí i? Ti SPIKE náà ṣeé ṣí. Pybricks, ètò míì tí kì í ṣe ti LEGO, ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀, ó sì ṣeé dá padà sí ti LEGO.

Bọ̀ọ̀dá, kọ̀ǹpútà mi kò rí Arduino Nano, pátákó kékeré tó ń darí rọ́bọ́ọ̀tì, tí mo rà lọ́jà. Ṣé ayédèrú ni?

Wáyà wo lẹ fi so ó? Òmíràn ń gbé iná nìkan, kì í gbé ọ̀rọ̀. Ẹ lo èyí tí ẹ fi ń kó fọ́tò láti fóònù sórí kọ̀ǹpútà. Bí kò bá ṣe wáyà, ẹ wo ara pátákó náà. Bí ẹ bá rí CH340, ṣíìpù tó ń bá USB sọ̀rọ̀, ẹ fi dráífà rẹ̀ (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀) sórí Windows. Bí kọ̀ǹpútà bá wá rí i tí ètò tí ẹ kọ kò sì wọ inú rẹ̀, ẹ yan Old Bootloader lábẹ́ Processor nínú ètò Arduino lórí kọ̀ǹpútà.

Kì í ṣe ayédèrú dandan o. Àwọn tó dá Arduino sílẹ̀ ní Ítálì ní 2005 gbé àwòrán iṣẹ́ wọn síta kí ẹlòmíì lè ṣe é. Orúkọ wọn nìkan ni kò yẹ kí ẹlòmíì tẹ̀ sí i.

Ṣé mo lè so sẹ́ńsọ̀ HC-SR04 tó ń wọn jíjìn mọ́ micro:bit, pátákó kékeré ti àwọn ọmọ ilé-ìwé?

Mọ́ Arduino Uno, tààrà: fólítì 5 ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n fólítì 3.3 ni micro:bit ń jẹ, ẹsẹ̀ Echo ti sẹ́ńsọ̀ náà sì ń dá 5 padà, ó lè jó micro:bit. Ẹ fi rẹsísítọ̀ kílò-óòmù 1 sáàárín Echo àti ẹsẹ̀ micro:bit, kí òmíràn, kílò-óòmù 2, ti ẹsẹ̀ micro:bit yẹn lọ sí GND (ojú òdo iná). Fólítì 3.3 ló máa dé ibẹ̀. Ẹ fún sẹ́ńsọ̀ náà ní fólítì 5 tirẹ̀ láti ibòmíràn, kí ẹ sì so GND méjèèjì pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà rádaràda lẹ máa rí.