Mítà Ní Kò Ṣe Nǹkan, Fíúsì Ṣì Ń Jó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Dídán Tíránsítọ̀ Wò

Àwọn ọmọ iṣẹ́, àti àwọn tó ń tún nǹkan ara wọn ṣe nílé, ló máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí. Mítà tí mò ń sọ ni èyí olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n yí mítà sí, kí ni kí n sì máa wò?

Yí i sí ibi tí wọ́n ya dáódù sí (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo kọjá), ọfà kékeré tó forí sọ ìlà yẹn. Okùn dúdú sínú COM, pupa sínú ihò tí wọ́n kọ V sí. Kọ́kọ́ fi ẹnu okùn méjèèjì kan ara wọn. Bí mítà ò bá bọ́ sí 0, okùn ló já nínú, tíránsítọ̀ ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni tíránsítọ̀ ní: base, collector, emitter. Mú un bíi dáódù méjì tó pàdé ní base. Jẹ́ ká lo C1815, irú tí wọ́n ń pè ní NPN ni; PNP ni irú kejì. Kọ ojú pẹlẹbẹ rẹ̀ sí ara rẹ, kí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀. Láti ọwọ́ òsì, emitter, collector, base ni wọ́n tò. Fi pupa sórí base, dúdú sórí emitter: wàá rí nǹkan bíi 0.68. Gbé dúdú sórí collector: nọ́ńbà náà á dín díẹ̀. Wá pààrọ̀ okùn, dúdú sórí base, pupa sórí àwọn méjì yòókù: OL ni, tàbí 1 kan ṣoṣo lápá òsì, ìyẹn ni pé iná ò kọjá. Láàárín collector àti emitter, bó o ṣe wù kó o yí okùn, OL. Bó bá mú 0.00 níbẹ̀, tàbí tí mítà ń ké, tíránsítọ̀ ti kú. Bí base ò bá fún ọ ní nọ́ńbà kankan lọ́nà méjèèjì, ó ti já nínú. PNP á ṣe òdìkejì: dúdú ló máa wà lórí base.

Ìkìlọ̀ kan: C1815 àti BC547 jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n collector, base, emitter ni ti BC547. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ ọ̀kan sójú èkejì láìyí ẹsẹ̀, tó wá ń bú ẹni tó tà á fún un.

Ìbéèrè: Bí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti pa rẹ́ ńkọ́?

Wá ẹsẹ̀ tó bá àwọn méjì yòókù sọ̀rọ̀. Òun ni base. Bí pupa bá wà lórí rẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà jáde, NPN ni. Bó bá jẹ́ dúdú, PNP. Nínú nọ́ńbà méjèèjì, èyí tó fi díẹ̀ ga jù, bíi 0.658 sí 0.652, ẹ̀gbẹ́ emitter ni. Tíránsítọ̀ ńlá kì í tó 0.65, ó lè jẹ́ 0.5 àti díẹ̀. Kò sóhun tó ṣe é. Tó bá jẹ́ 0.2 sí 0.3 lo rí nínú rédíò àtijọ́, germanium ni, má jù ú nù o.

Ìbéèrè: Mo dán an wò lórí pánẹ́ẹ̀lì, gbogbo wọn ló ń ké. Ṣé gbogbo wọn ló kú ni?

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń náni lówó jù. Wọ́n gbé ampilifáyà ṣọ́ọ̀ṣì kan wá bá mi, tíránsítọ̀ ńlá C5200 mẹ́rin àti A1943 mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. C5200 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ké láàárín collector àti emitter, ọmọ iṣẹ́ mi ti ń ka owó tó máa fi lọ ra mẹ́rin. Mo ní kó kọ́kọ́ tú wọn. Ẹyọ kan péré ló kú.

Ìdí ni pé ojú kan náà ni wọ́n so collector wọn pọ̀ sí, emitter wọn sì ń gba inú rẹ́sítọ̀ 0.22 ohm lọ pàdé. Lójú mítà wa, 0.22 ohm kò yàtọ̀ sí wáyà, nítorí náà òkú kan ṣoṣo á mú kí gbogbo ilé rùn. Tú sódà ẹsẹ̀ méjì, ó tó. Má gbàgbé rẹ́sítọ̀ 0.22 yẹn náà, ó sábà máa ń bá a jó.

Kí mítà tó kan pánẹ́ẹ̀lì, rí i pé iná ti kúrò nínú kápásítọ̀ ńlá. Pánẹ́ẹ̀lì tó ń gba 220 fólítì tààrà lè ní 300 fólítì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú kápásítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó o ti yọ ọ́ lára iná. Gílóòbù àtijọ́, irú èyí tó ń gbóná, ni mo fi ń fà á jáde.

Ìbéèrè: Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ mi ni mò ń tún ṣe. Tíránsítọ̀ D1555 tuntun tí mo rà ń ké láàárín base àti emitter. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?

Rárá, Bàbá. Ẹ má tíì dá a padà. Rẹ́sítọ̀ kékeré kan wà nínú rẹ̀ láàárín base àti emitter, dáódù sì wà láàárín collector àti emitter. Nítorí náà, ẹ ó rí nọ́ńbà lápá kan láàárín collector àti emitter, OL lápá kejì. Ibi tí ẹ ti máa mọ òkú ni collector sí emitter: bó bá mú 0 lọ́nà méjèèjì, ó ti lọ.

Ìbéèrè: Mo tú gbogbo wọn, mo dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn dáa. Síbẹ̀ fíúsì ń jó.

Mítà rẹ kò parọ́, kò kàn mọ tó bẹ́ẹ̀ ni. Nǹkan bí 1 mílíámpíà ló fi ń dán an wò, fólítì rẹ̀ kò sì pọ̀. Inú ampilifáyà, tíránsítọ̀ ń gba ọgọ́ta fólítì, ámpíà mélòó kan ń gbà á kọjá, ó sì gbóná. Tíránsítọ̀ tó ń ṣe dáadáa ní 1 mílíámpíà lè ya lulẹ̀ níbẹ̀. Mítà ń mú òkú. Aláìsàn ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ayédèrú wà nínú rẹ̀ náà. C5200 gidi ní agbára 15 ámpíà àti 230 fólítì. Mo ti fọ́ ọ̀kan tó jó lọ́jọ́ kejì tí mo rà á: sílíkọ́nì inú rẹ̀ kò ju èérún ìrẹsì lọ. Mítà ti ní ó dáa.

Kí o tó tan ampilifáyà, so gílóòbù 100 wáàtì sójú wáyà iná, kí iná máa gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá tàn fìrì tó sì rọlẹ̀, o lè máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá mọ́lẹ̀ gan-an tí kò rọ, pa á kíá. Kí o sì fi mítà wo ara irin ẹ̀yìn tíránsítọ̀ sí irin ńlá tó ń gba ooru rẹ̀: bó bá ń ké, máíkà, abala tín-ín-rín tó wà láàárín wọn kí iná má bàa kọjá, ti lu, tàbí o gbàgbé láti fi sí i. Ó ti ṣe mí rí.

Ìbéèrè: Mítà alábẹ́rẹ́ ni tèmi. Òdìkejì ni gbogbo ohun tí ẹ sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, tó o bá yí i sí ohm. Dúdú ló wà lẹ́nu pọ́sítíìfù bátìrì inú rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ irú wọn. Pààrọ̀ okùn lọ́kàn rẹ, ó parí.

Ìbéèrè: Tíránsítọ̀ IRF3205 inú ìnfátà ńkọ́?

Ìyẹn kì í ṣe irú kan náà, MOSFET ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òsì: gate, drain, source. Pupa sórí source, dúdú sórí drain, wàá rí nǹkan bí 0.4 sí 0.5. Gate kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí pupa bá kan gate nígbà tí dúdú wà lórí source, drain àti source lè bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ṣí ni, kò kú. Fi ìka kan ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, á tì padà. Bí kò bá ṣí rárá, fólítì mítà rẹ ló lè kéré jù. Mítà mi kan ń ṣí i, èkejì kì í ṣí i, tíránsítọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń wò.