Bí jíà máṣíìnì tuntun bá ń le, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnì

Lọ́jọ́ Sátidé kan, tíṣà kan gun máṣíìnì rẹ̀ láti Òṣú wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsọ̀kún, níbí ní Iléṣà. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó rà á, ọ̀rá ṣì wà lórí síìtì. Bó ṣe dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá fíríì, ìyẹn àyè tí máṣíìnì kò sí nínú jíà kankan, kò rí i. Ó fa kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń já agbára ẹ́ńjìnì kúrò lára jíà, mọ́ra pátápátá, síbẹ̀ máṣíìnì ń fà síwájú bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lókùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Wọ́n ní jíà ti bàjẹ́, pé àfi kí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnì." Owó tí wọ́n bù fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó oṣù rẹ̀.

Mo fi ìka méjì fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan rọ́bà áńdù kó tó mú nǹkan kan. Mo mú sípánà, mo fa kébù náà le díẹ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Fíríì wọlé wẹ́rẹ́. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí mo mọ àwọn tí wọ́n ti ṣí ẹ́ńjìnì wọn lórí ohun tí kò ju báyìí lọ.

Ọ̀pọ̀ máṣíìnì tí à ń rà níhìn-ín, inú páálí ló ń bá dé. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù níbi tí wọ́n ti ń tà á ló ń fi áńdù àti táyà iwájú sí i, àwọn náà ló ń fa kébù. Ẹ́ńjìnì ní tirẹ̀, dídì ló dé láti ilé iṣẹ́. Nítorí náà, ohun tí ọwọ́ èèyàn kàn kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ dán èyí wò. Ẹ gbé máṣíìnì sórí ìdúró àárín, kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ wà ní pípa. Ẹ kúnlẹ̀ sápá òsì, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máa yí táyà ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ òsì máa tẹ ẹsẹ̀ jíà láti fíríì títí dé jíà tó ga jù, kí ẹ tún dá a padà. Táyà ni kí ẹ dì mú o. Ẹ má fi ìka sún mọ́ ṣéènì rárá, ó lè gé e.

Bí gbogbo jíà bá ń wọlé dáadáa báyìí, tó jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń le, kílọ́ọ̀ṣì ni kò yọwọ́ tán. Bó bá le bákan náà nígbà tí ẹ́ńjìnì wà ní pípa, tí táyà sì ń yí, ẹ wo ẹsẹ̀ jíà fúnra rẹ̀, kí ẹ tó máa ronú nípa inú.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ máa yí táyà nìyí, ó sì ṣe pàtàkì, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní àìsàn, ìṣesí máṣíìnì ni. Nínú àpótí jíà, eyín àwọn jíà kì í já kúrò lára ara wọn. Wọ́n jọ ń yí ni. Ohun tó ń wọlé tó ń jáde ni àwọn kókó ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, tí wọ́n ń ki orí bọ ihò ara jíà kejì. Bí kókó bá pàdé ihò, á wọlé. Bí kókó bá pàdé kókó, kò ní wọlé bí ẹ tilẹ̀ dìde dúró lé e lórí, àfi kí nǹkan yí díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ń bọ̀ nínú jíà 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Atákúnmọ̀sà, tí ẹnì kan gbé igbá já sójú títì, tí ẹ sì dúró lójijì, jíà lè kọ̀ láti padà sí 1. Kò bàjẹ́. Ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ bín-ín-tín kí ẹ tún fà á, tàbí kí ẹ fi ẹsẹ̀ ti máṣíìnì síwájú díẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Èyí tó dára jù ni kí ẹ ti máa sọ jíà kalẹ̀ kí máṣíìnì tó dúró.

Bákan náà ni ìró "gbì" tí ẹ ń gbọ́ láàárọ̀ nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ jíà 1. Àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì ti lẹ̀ mọ́ra wọn nínú ọ́ìlì mọ́jú. Kí ẹ tó sítáàtì, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ tú u sílẹ̀ bí ìgbà márùn-ún.

Ó kan kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ fa ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Kí ó tó wúwo yẹn, ó yẹ kí orí rẹ̀ ti rìn tó mìlímítà 10 sí 15 lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì kékeré. Ìwé tó bá tiyín wá ni kí ẹ fi ṣe àṣẹ. Bí ó bá rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kílọ́ọ̀ṣì kò ní yọwọ́ tán: ẹ ò ní rí fíríì, jíà á máa han. Bí kò bá rìn rárá, òdì kejì rẹ̀ ni: kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, ẹ́ńjìnì á máa ké, eré kò ní sí, ẹ sì lè gbóòórùn ohun tó ń jó. Òkè tó wà lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, lẹ́yìn Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, máa ń tú àṣírí èyí kíákíá, pàápàá bí ẹ bá gbé èèyàn sẹ́yìn.

Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó dì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ yí èyí tí kébù gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún dì í. Bí ibẹ̀ kò bá tó mọ́, òmíràn wà nísàlẹ̀ lápá ẹ́ńjìnì. Lẹ́yìn náà, ẹ yí áńdù sósì pátápátá, kí ẹ yí i sọ́tùn-ún, kí ẹ wọn ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejèèjì. Bí ìwọ̀n náà bá yí padà, wọ́n gba kébù níbi tí kò yẹ. Ó há síbì kan lẹ́yìn iná iwájú. Mo ti rí i lára máṣíìnì tuntun ju bí mo ṣe lè kà lọ. Kébù tuntun sì máa ń fà. Nígbà tí tíṣà yẹn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tirẹ̀ ti tún dẹ̀ díẹ̀. Mo na sípánà sí i, òun fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe.

Ẹ tún wo ọ́ìlì. Lára irú máṣíìnì wọ̀nyí, ọ́ìlì kan náà ló ń bomi rin ẹ́ńjìnì, kílọ́ọ̀ṣì àti jíà. Kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì mọ́tò ló bá kílọ́ọ̀ṣì tó wà nínú ọ́ìlì mu. Ẹ yí ike náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ JASO MA tàbí MA2 sí, àmì ọ́ìlì tó bá irú kílọ́ọ̀ṣì yìí mu. Bó bá jẹ́ "Resource Conserving" ni ẹ rí, ẹ fi sílẹ̀ fún onímọ́tò, ó lè mú kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ 20W-50 sí lára, ìyẹn bó ṣe ki tó, ni èmi sábà máa ń lò nínú oòrùn wa yìí bí ìwé máṣíìnì bá ti gbà á. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ní kí a pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ láàárín kílómítà 500 sí 1,000. Ẹ má fi í falẹ̀. Ẹ́ńjìnì tuntun ń ha ara rẹ̀, erukutu irin á sì wà nínú ọ́ìlì àkọ́kọ́ yẹn. Mo ti rí máṣíìnì tí jíà rẹ̀ rọ̀ lọ́jọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì, láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Ṣéènì: ẹ tì í sókè sódò ní àárín lápá ìsàlẹ̀. Mìlímítà 20 sí 30 ló wọ́pọ̀. Bó bá le jù, jíà á wúwo. Bó bá dẹ̀ jù, á máa já yín gbà. Ní ti ẹsẹ̀ jíà, ẹ fi sípánà di bóòtù tó mú un bí ó bá ń mì, kí ẹ sì wò ó bóyá bàtà yín ń rí ààyè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ tún rántí pé gbogbo máṣíìnì kọ́ ni jíà wọn jọra: lára àwọn kan, títẹ̀ síwájú ni gbogbo rẹ̀, lára òmíràn, 1 nìkan là ń tẹ̀ sílẹ̀, à á fi ìka ẹsẹ̀ gbé ìyókù sókè.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí jíà sì ń fò jáde nígbà tí ẹ bá ń fún un níná, tàbí tí ẹsẹ̀ jíà kì í padà sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, inú ló wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá rí èérún irin tí ìka lè ṣà nínú ọ́ìlì. Ẹ má gbé e wá sọ́dọ̀ mi nígbà náà, ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kankan. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á, pẹ̀lú rìsíìtì, kí ẹ kọ iye kílómítà tó wà lójú aago rẹ̀ sínú ìwé kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹlòmíràn bá ti ṣí ẹ́ńjìnì, wọ́n lè sọ pé wàrántì ti bàjẹ́. Bí wọ́n bá sì ní àwọn ò rí nǹkan kan, ẹ ní kí ọ̀kan nínú wọn gbé yín sẹ́yìn, kí ó gùn ún gòkè kan lójú yín.