Bí mo ṣe kó ètò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kúrò lórí Java 8 lọ sórí Java 21

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Library kan (kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ tẹ́lẹ̀ tí a kàn ń lò) wà tí a fi ń tẹ ìwé ìjábọ̀, tí oníbàárà mi ti fi dọ́là rà lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ gbé ètò kọ̀ǹpútà wọn, tí wọ́n fi èdè Java kọ, lọ sórí Java 21, àwọn tó ni library náà ní àfi ká ra láísẹ́ńsì tuntun. Bẹ́ẹ̀ náírà ni èmi àti oníbàárà fi dá iye iṣẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà 2023, ta ló tún ń ra nǹkan ní dọ́là láìmí kanlẹ̀?

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ kan n'Íbàdàn ló ń lo ètò yìí. Module (ìpín ètò) kan wà fún orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, òmíràn fún owó tí wọ́n ń dá pamọ́, òmíràn fún owó yíyá, òmíràn fún ìjábọ̀. Java 8, tó jáde ní 2014, ni wọ́n fi kọ ọ́. Java fúnra rẹ̀ kò ní ètò module títí di Java 9 ní 2017, nítorí náà orúkọ lásán ni ohun tí wọ́n ń pè ní module nínú rẹ̀. Kóòdù owó yíyá lè ki ọwọ́ bọ inú kóòdù owó ìpamọ́ nígbà tó bá wù ú. Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ náà nìyẹn: kí n kọ fáìlì module-info.java fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí n fi requires sọ ohun tó nílò, kí n fi exports sọ ìwọ̀nba ohun tí ará ìta lè rí.

Fífi JDK (irinṣẹ́ Java) sórí kọ̀ǹpútà àti yíyí nọ́ńbà inú pom.xml (fáìlì ìtọ́ni Maven, tó ń kó ètò pọ̀) padà kò gba àlàyé. Java 11 yọ JAXB (tó wà fún XML) àti javax.annotation (àkójọ annotation, ìyẹn àmì tí a ń fi sórí kóòdù) kúrò nínú JDK, a kàn ní láti fi wọ́n kún un gẹ́gẹ́ bíi library ni.

Ìdí javax.annotation yìí gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kóòdù wa ń lo @PostConstruct, ọ̀kan nínú annotation wọ̀nyẹn, mo bá fi javax.annotation-api sí i. Ni compiler (tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò) bá figbe ta pé module wa ń ka package (àkójọ class) javax.annotation láti ibi méjì, jsr305, library mìíràn, sì ni ibì kejì. Inú jsr305 ni @Nullable wà. JSR 305 ni àbá tí wọ́n fi fẹ́ sọ irú annotation bẹ́ẹ̀ di ara Java. Wọn ò parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ rí, wọ́n pa á tì, ṣùgbọ́n jar rẹ̀ (fáìlì tí a di kóòdù sí) ti wọ inú àìmọye library, títí kan Guava, library Google, tí à ń lò. Kò sẹ́ni tó bìkítà lórí classpath (àtòjọ àwọn jar) Java 8. Láti Java 9, ńṣe ló dà bí ilẹ̀ kan tí ọmọ onílẹ̀ tà fún èèyàn méjì: compiler ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ níbẹ̀.

Mo lo àṣẹ mvn dependency:tree -Dincludes=com.google.code.findbugs:jsr305. Àṣẹ yẹn ń fi library tó fà á wọlé hàn. Mo rí i lẹ́yìn Guava, mo fi exclusion lé e jáde. Ó gba ẹ̀yìn library mìíràn wọlé, mo lé e níbẹ̀ náà. Tree mọ́ tónítóní. Mo tún compile, àṣìṣe yẹn ṣì wà níbẹ̀! Orúkọ tó dá lẹ́bi nìkan ló yàtọ̀: library ìjábọ̀ olówó gọbọi yẹn ni. Wọ́n ti kó àwọn class jsr305 pọ̀ mọ́ tiwọn sínú jar kan ṣoṣo, dependency:tree ò sì lè rí ohun tó wà nínú ikùn jar. Ìgbà tí mo lo jar tf, àṣẹ tó ń to ohun inú jar sílẹ̀, tí mo wá javax/annotation nínú rẹ̀, ni mo tó rí wọn.

Mo kọ̀wé sí wọn, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Èsì wọn ò ju pé ká ra tuntun. Mo kà á títí, ó dùn mí wọra. Àwọn ló kó ẹrù ẹlòmíràn sínú àpò ara wọn, a ní kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n ń bu owó lé wa. Bẹ́ẹ̀ láísẹ́ńsì wọn ò gbà ká tú jar náà ká tún un dì.

Mo rí ọ̀nà mìíràn, inú mi sì dùn sí i púpọ̀. Kò pọn dandan kí gbogbo jar wà lórí module path, ọ̀nà tuntun tó ń tẹ̀ lé òfin module. Bí module tó lórúkọ bá ti ní package kan, Java ò ní wo package olórúkọ kan náà tó wà lórí classpath mọ́. Mo bá fi library náà àti module ìjábọ̀ wa sílẹ̀ sórí classpath, mo kó àwọn yòókù lọ sórí module path. Module tó lórúkọ ò lè fi requires béèrè ohun tó wà lórí classpath, nítorí náà mo fi interface kan (àdéhùn ohun tí class kan gbọ́dọ̀ lè ṣe) sínú module àárín, mo kọ uses sínú module-info rẹ̀, mo sì kọ orúkọ class ìjábọ̀ wa sínú META-INF/services. ServiceLoader, tó ń wá irú class bẹ́ẹ̀ nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́, lọ bá a níbẹ̀. @Nullable tí library náà ò rí mọ́ kò dá nǹkan kan dúró, nítorí JVM (ẹ̀rọ tó ń mú Java ṣiṣẹ́) máa ń fo annotation tí class rẹ̀ ò bá sí. --add-opens java.base/java.lang=ALL-UNNAMED ló kù tí mo fi kún un, torí library náà ń wọ inú kóòdù Java fúnra rẹ̀, láti Java 17 sì ni ilẹ̀kùn yẹn ti di títì pa. Ìjábọ̀ jáde, a ò san dọ́là kankan.

Àǹfààní kan tún bá a dé. Láti Java 18, UTF-8 (ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó gba lẹ́tà Yorùbá) ni Java ń lò láìjẹ́ pé èèyàn ní kó lò ó. Lábẹ́ Java 8 lórí Windows wọn, windows-1252 ló ń lò fún fáìlì rìsíìtì, ìyẹn ò sì ní ẹ, ọ àti ṣ nínú. Ẹniọlá á jáde bíi ?ni?lá, bẹ́ẹ̀ orúkọ náà pé nínú database. Ó ti wá ń jáde dáadáa báyìí, mi ò fọwọ́ kan ìlà kóòdù kan.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba irú iṣẹ́ yìí, ẹ má dá iye kankan kí ẹ tó fi jar tf wo inú gbogbo jar, pàápàá èyí tí kò ní source. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn pé láísẹ́ńsì tuntun, ọrùn oníbàárà ló wà. Ní tèmi, mo ti ń fi Apache PDFBox, library ọ̀fẹ́ fún PDF, kọ èyí tó máa rọ́pò library náà. Interface ti wà nílẹ̀, nítorí náà module owó yíyá ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà.